Àgọ́ Etí Odò Oli: Ohun Tí Sísùn Nínú Ọgbà Ẹranko Káínjì Ń Bèèrè Lọ́wọ́ Àlejò

Ilẹ̀ gbalasa tí ìjọba fi òfin yà sọ́tọ̀ fún ẹranko, igi àti omi, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dáko, ṣọdẹ, gégi tàbí da ẹran ọ̀sìn nínú rẹ̀, ni à ń pè ní ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú igbó ọba, nítorí pé ẹni tí ó bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba lè gé gẹdú nínú igbó ọba, kò sì sí irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ọgbà orílẹ̀-èdè. Kì í sì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ọgbà ẹranko inú ìlú, irú èyí tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ẹranko wà nínú àgò, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń rìn yí i ká. Nínú ọgbà orílẹ̀-èdè, ẹranko ni ó ń rìn bí ó ti wù ú, ènìyàn ni a há mọ́ inú ọkọ̀ tàbí inú àgọ́.

Èyí tí ó kọ́kọ́ gba orúkọ yìí ní Nàìjíríà ni Ọgbà Ẹranko Orílẹ̀-èdè ti Adágún Káínjì. Láti ọdún 1962 ni wọ́n ti ya igbó Bọ̀rgú sọ́tọ̀ fún àwọn ẹranko, ṣùgbọ́n ọdún 1979 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin pa á pọ̀ mọ́ igbó Zugurma tí ó wà ní apá kejì adágún náà, tí àwọn méjèèjì sì di ọgbà kan ṣoṣo tí ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 5,340 kìlómítà onígun mẹ́rin, èyí tí ó fẹ̀ ju gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Ilẹ̀ Bọ̀rgú kì í ṣe àjèjì sí ará Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwárà, nítorí pé abẹ́ ìpínlẹ̀ kan náà ni ó wà títí di ọdún 1991, nígbà tí ìjọba ológun gé apá ńlá nínú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì fi í kún Ìpínlẹ̀ Niger. Ẹni tí ó bá gbéra láti Ọ̀fà ní láti kọ́kọ́ dé Ìlọrin. Láti ibẹ̀, ó lè gba Kaiama wọ Wawa, ó sì lè gba Jẹ́bà sọdá odò Ọya lọ sí Mokwa kí ó tó yà sí New Bussa, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ ọgbà náà wà. Èyíkéyìí tí ó bá gbà nínú ọ̀nà méjèèjì, bí kò bá jí ní ìdájí, kí ó má retí àtidé àgọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní èdè àwọn onímọ̀, Káínjì kì í ṣe aṣálẹ̀. Ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ láàárín ọdún kan kò tó 250 mìlímítà ni wọ́n sábà máa ń pè ní aṣálẹ̀, òjò Káínjì sì máa ń tó nǹkan bí 1,000 mìlímítà. Ọ̀dàn ni, èyíinì ni ilẹ̀ koríko gíga tí igi fọ́n káàkiri inú rẹ̀: igi èmi tí a ń fi kóró rẹ̀ ṣe òrí, igi igbá tí irú ti ń wá, àyìn àti apá. Ṣùgbọ́n òjò náà kò pín ara rẹ̀ dọ́gba káàkiri ọdún. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀kán kan má kán, kí koríko gbẹ di pàǹtí, kí ilẹ̀ sì máa sán. Àkókò yìí kan náà ni ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti Sàhárà pẹ̀lú eruku, tí púpọ̀ nínú eruku náà sì ń ti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ ní ayé àtijọ́. Ẹni tí ó bá sùn ní Káínjì nínú oṣù kìn-ín-ní kò lọ sí aṣálẹ̀. Aṣálẹ̀ ni ó wá bá a.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an sì ni àlejò ń lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó le jù fún ara. Ní ìgbà òjò, ọ̀nà inú ọgbà máa ń di ẹrẹ̀, koríko a sì ga ju ènìyàn lọ débi pé ẹfọ̀n lè dúró ní ìwọ̀n ọ̀pá mẹ́wàá síni kí ojú má rí i. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, koríko a wó lulẹ̀, àwọn odò kéékèèké a gbẹ, gbogbo ohun tí ó ń mí nínú ọ̀dàn a sì kó ara wọn jọ sí etí ibú díẹ̀ tí ó kù. Oli ni odò tí ó gba àárín apá Bọ̀rgú kọjá, etí rẹ̀ sì ni àgọ́ àwọn àlejò wà. Kì í ṣe ẹwà odò nìkan ni wọ́n fi yan ibẹ̀. Ibi tí omi bá ṣẹ́kù sí ni ẹranko ń wá, ibi tí ẹranko bá sì ń wá ni ẹni tí ó fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ sùn sí.

Àgọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ gbòòrò ní èdè Yorùbá. Ó lè jẹ́ ibi tí ọmọ ogun pa sí, ó lè jẹ́ ìletò tí ó ṣì ń dàgbà, gẹ́gẹ́ bí Àgọ́ Ọ̀jà tí Aláàfin Àtìbà sọ di Ọ̀yọ́ tuntun, ó sì lè jẹ́ aṣọ tí a ta sórí igi láti sùn sábẹ́ rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ọgbà ẹranko, àgọ́ ni ibi tí àwọn aláṣẹ yàn fún àlejò láti sùn, yálà wọ́n kọ́ ilé kéékèèké síbẹ̀ tàbí àlejò ló gbé àgọ́ aláṣọ tirẹ̀ dání. Èyí tí ó rọrùn jù nínú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ju ilẹ̀ tí a ro, ibi ìdáná àti ṣáláńgá lọ. Kò sí ẹni tí yóò se oúnjẹ fúnni, kò sí ìsọ̀ tí a ti lè ra ìṣáná, kò sì sí ẹ̀rọ omi.

Òǹkàwé kan lè bú sẹ́rìn-ín níbí yìí, kí ó ní kí ni ènìyàn ń sanwó sí láti lọ sùn síbi tí kò síná tí kò sómi, nígbà tí òkùnkùn kì í ṣe ohun tí ará Ọ̀fà ń wọ ọkọ̀ lọ wá ní ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀rín náà tọ́, ṣùgbọ́n àìní tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, tí ó sì ti ṣírò rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ó ká a mọ́lé. Àwọn baba tí ń sùn sí ahéré nígbà ìkórè mọ ìyàtọ̀ yìí, àwọn ọdẹ tí ń dẹ̀gùn lórí igi di àfẹ̀mọ́júmọ́ sì mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Kò sí ìdí tí yóò fi ṣòro fún àwọn ọmọ ìlú tí ń jẹ́ orúkọ ọfà, tí ìtàn sì sọ pé tafàtafà láti Ọ̀yọ́ ni Ọlálọmí tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, láti lóye rẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹni tí ń lọ sí ahéré mọ ibi tí ìsun omi wà, ẹni tí ń lọ sí Oli kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, orí omi ni gbogbo ìṣirò àgọ́ dúró lé. A lè kọ́ ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀ lára àwọn tí aṣálẹ̀ wọn jẹ́ aṣálẹ̀ gidi. Ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọgbà kan wà tí ń jẹ́ Joshua Tree, tí ìjọba kọ́kọ́ dáàbò bò ní ọdún 1936, tí ó sì di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 1994. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àgọ́ rẹ̀, láàárín àwọn àpáta ràgàjì, kò ní ẹ̀rọ omi kankan, àfi tábìlì, ibi ìdáná àti ṣáláńgá. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ṣe ń kìlọ̀ fún àlejò ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ó kéré tán gálọ́ọ̀nù kan, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́rin, dání fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ẹni tí yóò bá rìn púpọ̀ sì gbé ìlọ́po méjì. Bí a bá gbé ìṣirò náà wá sílé, ènìyàn mẹ́rin tí yóò lo ọjọ́ mẹ́ta ní etí odò Oli nílò lítà 48 fún mímu àti oúnjẹ sísè nìkan, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì. Bí wọ́n bá fẹ́ fi omi inú ọ̀rá ṣe é, àpò kan tí ó ní ogún ọ̀rá nínú kò ju lítà mẹ́wàá lọ, nítorí náà wọn kò lè gbé ohun tí ó dín sí àpò márùn-ún. Omi ìwẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹni tí kò bá lè fi aṣọ tútù nu ara sùn fún alẹ́ méjì kò tíì ṣetán fún àgọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé odò tí ó wà nítòsí lè dípò kẹ́ẹ̀gì. Omi ibú ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ omi tí kò ṣàn mọ́, tí ẹfọ̀n, ìmàdò àti ìnàkí ń mu nínú rẹ̀ tí wọ́n sì ń tọ̀ sínú rẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ìgbín kéékèèké tí ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá kiri fẹ́ràn, kòkòrò náà sì ń gba awọ ara wọlé láìjẹ́ pé ènìyàn mu ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. Èyí tí ó léwu jù nínú ibú náà ni erinmi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù kìnìún, ṣùgbọ́n erinmi, tí koríko ni oúnjẹ rẹ̀, máa ń wà nínú omi ní ọ̀sán, a sì máa gòkè wá jẹko ní alẹ́, ẹni tí ó bá sì dúró sáàárín òun àti omi nígbà tí ó ń padà ni yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í fi í fẹ́ kí àlejò sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa.

Ooru ẹ̀ẹ̀rùn a máa tan ènìyàn jẹ. Ní Ọ̀fà nígbà òjò, ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀ yóò rí òógùn ní iwájú orí rẹ̀, yóò sì mọ̀ pé òùngbẹ ń bọ̀; nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́, òógùn ń gbẹ kí ó tó yọ síta tán, ara yóò dà bí ẹni pé kò làágùn rárá, bẹ́ẹ̀ ni omi ń jáde lára láìdáwọ́ dúró. Orí fífọ́, ìtọ̀ tí ó pọ́n bí omi èèpo igi àti ìbínú tí kò nídìí ni àmì àkọ́kọ́, òùngbẹ fúnra rẹ̀ a sì máa pẹ́ kí ó tó dé. Àfonífojì Ikú ní California yìí kan náà ni wọ́n ti wọn ooru tí ó ga jù lọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé, èyí tí ó tó 56.7 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lsíọ́sì, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1913. Káínjì kò súnmọ́ iye yẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 35, ìyẹn sì tó láti dá ẹni tí omi rẹ̀ tán dùbúlẹ̀.

Ohun tí ó ń ya àlejò lẹ́nu jù ni pé ibi kan náà tí ó jó o ní ọ̀sán yóò mú un gbọ̀n ní òru. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ìkùukùu àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń ṣiṣẹ́ bí aṣọ ìbora lórí ilẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ooru tí ilẹ̀ gbà ní ọ̀sán tètè fò lọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ tí ojú ọ̀run sì mọ́, ìbora náà ti ká kúrò, gbogbo ooru a sì gòkè lọ kí àkùkọ tó kọ. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹni tí ń lọ sí ibi gbígbóná gbé aṣọ nípọn dání, kí ó sì fi ẹní tàbí ohun mìíràn tí ó nípọn sáàárín ara rẹ̀ àti ilẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ń fa ooru ara ju afẹ́fẹ́ lọ. Àwọ̀n ẹ̀fọn kò ṣeé gbàgbé, níwọ̀n bí etí ibú ti jẹ́ ilé ẹ̀fọn ní gbogbo ìgbà. Ní ọ̀sán, eṣinṣin tsetse tí ń tan àrùn sùnrùnsùnrùn kálẹ̀ wà nínú igbó etí odò, aṣọ aláwọ̀ búlúù àti dúdú sì ń fà á mọ́ra ju aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti koríko gbígbẹ lọ.

Ti oúnjẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Gàrí, kúlíkúlí, ẹ̀pà àti ẹja gbígbẹ kì í bàjẹ́, wọn kò sì nílò iná. Ará Ọ̀fà tí ó bá sì gbàgbé ànàmọ́ sílé ti ṣe ara rẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ó dùn tó ànàmọ́ tí a rì sínú eérú gbígbóná lẹ́yìn tí iná àgọ́ bá ti lọ sílẹ̀. Kí oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù sùn sínú ọkọ̀ tí a tì pa, kì í ṣe inú àgọ́ aláṣọ. Ìnàkí mọ àpò, ó mọ ìdérí ìkòkò, ìjímèrè sì mọ ojú ẹni tí kò fura.

Iná dídá ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ lé lórí, nítorí pé ọ̀dàn ní ẹ̀ẹ̀rùn dà bí ilé tí a fi ìyẹ́ kọ́. Ẹ̀tapárá kan lè fò láti ibi ìdáná kan kí ó sì jó ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò lè rìn já ní ọjọ́ kan. Síbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà fúnra wọn a máa dáná sun koríko, ohun kan tí ó máa ń rú àlejò lójú tí ó bá ti kà á pé iná sísun jẹ́ èèwọ̀. Ìgbà tí wọ́n ń sun ún ni ìyàtọ̀ wà: ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà nídìí koríko, iná a máa rìn jẹ́jẹ́, kì í lè pa igi, koríko tútù a sì tún hù lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgalà àti ìrá láti jẹ; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ títí di oṣù kẹta, iná ọdẹ kan ṣoṣo yóò jó gbogbo rẹ̀ títí dé orí igi. Fún àlejò, òfin náà kò ju ọ̀kan lọ: ibi tí a yàn fún iná nìkan ni kí ó dáná sí, kí ó sì da omi sí i títí tí ọwọ́ yóò fi lè wọ inú eérú rẹ̀, bí omi tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ìyàlẹ́nu kan wà nínú ọ̀rọ̀ Káínjì tí kò yẹ kí a fò dá. Ọgbà tí àgọ́ rẹ̀ ń ka omi ní lítà lítà yìí ń jẹ́ orúkọ adágún kan tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí 1,300 kìlómítà onígun mẹ́rin. Láàárín ọdún 1964 sí 1968 ni wọ́n fi ìdídò sé odò Ọya níbẹ̀ láti fi ṣe iná mànàmáná. Omi tí ó kún sẹ́yìn ìdídò náà bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, ìlú ọba Bọ̀rgú tí Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò, ti pàdé ikú rẹ̀ lórí odò ní ọdún 1806, àwọn ènìyàn tí ó lé ní 40,000 sì ní láti kó kúrò nílé baba wọn lọ sí ilẹ̀ tuntun. Láti ọdún 1969 ni iná Káínjì ti ń lọ sí àwọn ìlú ńláńlá. Òkùnkùn etí odò Oli wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orísun iná tí ó lókìkí jù ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá sì jókòó sínú òkùnkùn yẹn tí kò rántí àwọn tí omi lé kúrò kò tíì rí gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀.

Síbẹ̀ òkùnkùn náà ní èrè tirẹ̀. Níbi tí kò sí iná títì, ìràwọ̀ a pọ̀ débi pé àwọn tí a mọ̀ á sọnù láàárín àwọn tí a kò mọ̀. Ohùn erinmi a sì máa wá láti inú ibú bí ẹ̀rín àgbàlagbà. Ti kìnìún ti ṣọ̀wọ́n gan-an. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé gbogbo kìnìún tí ó kù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bí 400 lọ, àti pé Káínjì àti ọgbà Yankari nìkan ni ó kù sí ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ó tó sùn ti gbọ́ ohun tí ọmọ ọmọ rẹ̀ lè má gbọ́.

Ó wá ku ohun kan tí àgọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní. Ènìyàn lè gbé omi dání, ó lè gbé iná dání, ó lè gbé oúnjẹ àti àwọ̀n dání. Kò lè gbé ààbò dání. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn agbébọn ti ń fi igbó ńlá tí ó wà láàárín Bọ̀rgú àti orílẹ̀-èdè Benin ṣe ibùba, nínú oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ sì kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ kan tí ń ṣe ọṣẹ́ ní agbègbè ọgbà Káínjì. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ó kàn: ní ọgbà Pendjari ní àríwá Benin, tí ó ti gbajúmọ̀ láàárín àwọn arìnrìn-àjò, wọ́n jí àlejò méjì láti ilẹ̀ Faransé gbé ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n sì pa afinimọ̀nà wọn. Àwọn ọgbà tí a dá sílẹ̀ kí ẹranko lè rí ibi sá sí ti di ibi tí ọ̀daràn ń sá sí, ìdí rẹ̀ kò sì ju pé ẹ̀ṣọ́ kò pọ̀ tó fún ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, tí ó sì bá ààlà orílẹ̀-èdè mìíràn pàdé. Àpilẹ̀kọ tí yóò bá yin àgọ́ etí odò Oli láìsọ èyí ń tan òǹkàwé rẹ̀ jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbèrò láti lọ má gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ sọ tàbí ohun tí ó kà, títí kan àpilẹ̀kọ yìí. Olú ilé-iṣẹ́ ọgbà náà ní New Bussa ni kí ó kọ́kọ́ kàn sí, kí ó béèrè bóyá àgọ́ ṣí sílẹ̀, ọ̀nà wo ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbà, àti bóyá ẹ̀ṣọ́ kan yóò bá a lọ tí yóò sì sùn níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ó má wá, kí ó fi ànàmọ́ rẹ̀ sínú eérú ní Ọ̀fà, kí ó sì sùn sílé.